Ẹ̀rọ Kékeré fún Eyín Ìyá

Yàrá iwájú,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Eyínmẹ́nugún mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Mo gbà á ládùúrà pé ikọ́ tí ẹ sọ nínú lẹ́tà yín ti jáwọ́ lára yín, pé àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ara líle, àti pé ọkọ yín ti rí ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó ń wá. Ní tiwa, a jí, a wà, a sì ń ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó jí máa ṣe.

Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, torí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kí n tó dáhùn. Ohun méjì lẹ bi mí. Èkíní, ṣé lóòótọ́ ni pé Ìyá ti rù débi pé aṣọ ń yọ̀ kúrò ní èjìká wọn. Èkejì, kí ni opó tí kò tíì pé ọdún ń fi ẹ̀rọ tó ń kùn bí agbọ́n ṣe. Mo mọ̀ pé Télọ̀ òdìkejì ọ̀nà ló sọ fún yín. Mi ò bínú sí i. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tiwa, etí rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo ayé. Ẹ ní bí oṣù yìí bá parí tí n kò rí àlàyé ṣe, ẹ ó wá mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dá ẹjọ́ rẹ̀ bí ẹ bá ṣe rí i.

Ẹ kò sí nílé nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín, olóògbé ọkọ mi, ṣe eyín àtọwọ́dá fún Ìyá, nítorí náà ẹ kò mọ bó ṣe rí. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣe eyín fún àwọn ẹlòmíràn níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìyá tó bí i kò ní ju eyín méjì lọ lẹ́nu. Nígbà tí àwọn méjèèjì náà lọ tán, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ṣe ti òkè, ó ṣe ti ìsàlẹ̀. Ìyá wo dígí, wọ́n ní: “Eyín yìí funfun jù. Àbí ẹ fẹ́ tún mú mi relé ọkọ ni?” Ó dá a padà. Ó ṣe òmíràn. Ìyá ní ó dára, ṣùgbọ́n ó jọ ẹnu ìyá ẹlòmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín eyín iwájú méjèèjì. Ìyá di dígí mú, wọ́n fi ahọ́n wá àlàfo náà. Wọ́n wá ní: “Ta ló sọ fún ọ pé mo ní èjí?” Ó ní: “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi nígbà tí mo wà ní kékeré?” Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń fọ́ egungun adìẹ, tí kò sí ajá tó lè rí nǹkan jẹ lẹ́yìn wọn.

Orí tábìlì abẹ́ fèrèsé ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n yá a ní ẹ̀rọ kan níbẹ̀, tó wúwo, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú iná fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe, bí ẹni tó ń jókòó ti awakọ̀ ṣe máa ń mọ ọ̀nà láìmọ ọkọ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin méjì mú ìwé wá pé àwọn wá gba ẹ̀rọ náà. Ti ilé iṣẹ́ ni lóòótọ́. Mo nù ún, mo ká wáyà rẹ̀, mo gbé e fún wọn. Ojú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì títí di òní.

Bí oṣù kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ti ń parí lọ ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwo sẹ́yìn. Wọ́n á jẹ ẹnu mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Èmi náà kì í jẹun dáadáa, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu. Àwa méjì á jókòó ti oúnjẹ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára búrẹ́dì tí wọ́n fi sílẹ̀. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní: “Búrẹ́dì yìí ló le.” Búrẹ́dì náà ti wà nínú tíì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mọ̀ nígbà náà pé eyín ló ń dùn wọ́n, pé àìsàn ẹnu ni mo ti ń pè ní ìbànújẹ́ ọkàn.

Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí òun àti ẹ̀gbọ́n yín jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Pẹ̀lẹ́, torí pé ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí eyín ń dùn, á sì tún sọ ọ́ fún eyín náà. Ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní kí Ìyá jẹ́ kí òun mú eyín ìsàlẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ méjì, òun á fá ibi tó ń gún wọn, òun á sì dá a padà. Ìyá pa ẹnu dé. Wọn ò là á mọ́. Inú ètè tó padé ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ jáde: “Kì í ṣe ìwọ la jọ ṣàdéhùn.” Kò yé wa. Pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n, ó yí ohùn padà, ó tilẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo òjò. Nígbà tó dìde láti lọ, wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní: “Bó bá jẹ́ Ìyàwó ni, mo lè gbà.”

Pẹ̀lẹ́ tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun kò lè gbé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ jáde, fáìlì lásán, irin tí a ń fi ọwọ́ fá nǹkan, kò sì lè wọ ibi kọ̀rọ̀ tí eyín náà ti tẹ̀. Ó ní: “Ìyàwó wa, ẹ lọ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń yí, èyí tí ọwọ́ kan lè mú. Ẹ má ra olówó gọbọi. Ẹ má sì ra ìṣeré ọmọdé. N ó máa wá wo ọwọ́ yín.” Mo ní mi ò mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Ó ní wọn kò bí i mọ́ ẹ̀gbọ́n yín náà.

Ìsọ̀ ìyá onírin kan wà ní ìkángun òpópónà àwọn káfíńtà. Obìnrin náà máa ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí, kì í sì í wo ojú oníbàárà. Ọwọ́ ni ó ń wò. Ó wo tèmi, ó ní: “Irin lẹ fẹ́ gé àbí igi?” Mo ní eyín ni. Ó yọ pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ó ní: “Ti ta?” Mo ní ti ìyá ọkọ mi. Ó ní: “Ṣé wọ́n mọ̀?”

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó gbé ẹ̀rọ mẹ́rin sórí pátákó níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni irú èyí tí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun ń rà. Ó wúwo, owó rẹ̀ sì ju ti ẹni tó ní eyín kan ṣoṣo láti fá lọ. Èkejì kò ní wáyà, bátìrì ló ń lò. Ó ń dán, ó wù mí, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní bátìrì dà bí àlejò, á lọ lásìkò tí ẹ kò fẹ́ kó lọ. Ẹ̀kẹta wà nínú àpótí ńlá kan pẹ̀lú igba orí tí a ń pààrọ̀ sí ẹnu rẹ̀, olókùúta, onírin, olówùú, gbogbo rẹ̀ tò bí eyín àgbàdo. Ọwọ́ mi ti ń lọ sọ́dọ̀ ìyẹn. Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ gbá ọwọ́ mi jẹ́jẹ́. Ó ní: “Ẹ má ka orí. Ẹ ò ní lò ju mẹ́ta lọ. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń rìn.” Ó fi iná sí i, ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ sí i lára. Ó gbọ̀n mí títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò sì ní ohun tí a lè fi dín eré rẹ̀ kù. Bó bá ti gbéra, àsápajúdé ni. Ẹ̀kẹrin jẹ́ aláwọ̀ eérú, kò lẹ́wà, orí méjìlá péré ló bá a wá, ṣùgbọ́n ó ní bọ́tìnnì kan tí a lè yí láti oókan dé ẹẹ́fà. Ó yí i sí oókan. Orí rẹ̀ yí jẹ́jẹ́, kò mì sọ́tùn-ún, kò mì sósì, àfi bí ẹni pé ó dúró. Ìyẹn ni mo rà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo tún ra gíláàsì ojú àti ìbòmú, torí obìnrin náà kò jẹ́ kí n jáde láìrà wọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ó ní, gíláàsì ni kí èmi fi máa ṣọ́ ojú.

Pẹ̀lẹ́ ní n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan eyín Ìyá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo fi òòyà ike àtijọ́ kọ́ ọwọ́, mo fi ìdérí àwo ọṣẹ kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kìíní, n kò fi sípánà kékeré rẹ̀ dè é le, ni orí bá fò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì ba gíláàsì aago ara ògiri. Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí ibi tó ti sán. Lọ́jọ́ kejì, mo yí i sí ẹẹ́rin kó lè yá, ni òòyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, tó ń rùn, tó sì dì mọ́ orí ẹ̀rọ bí epo ìdáná tó ti pẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè jẹ ike náà dáadáa, ó bá sá kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ya ìlà sórí tábìlì láàárín ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti àtijọ́. Ìyá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní: “Ìyàwó, ọmọ mi kì í bá eyín jà.” Wọ́n tún ní: “Ohùn tiẹ̀ nípọn ju èyí lọ.” Ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ. Mo kíyè sí i pé bí mo bá ti tan ẹ̀rọ náà, wọ́n á dẹ ọrùn bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí Pẹ̀lẹ́ kọ́ mi kò pọ̀. Kí n mú un bí ìgbà tí mo bá mú bírò. Kí n fi ìdí ọwọ́ ti tábìlì. Kí n yọ ọ́ kúrò nínú iná kí n tó pààrọ̀ orí. Kí n yí i sí eéjì, kí n fi kan ohun náà kí n sì gbé e kúrò, kí n fi kàn án kí n sì gbé e kúrò, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ike náà má sì gbóná. Kí n ti aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kí eruku má baà fò. Àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Pẹ̀lẹ́ fi ọ̀kan kún un: “Ohun tí ẹ bá fá kúrò, ẹ ò ní rí i lẹ̀ padà.”

Síbẹ̀ mo ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, Ìyá bọ́ eyín ìsàlẹ̀ fún mi lọ́sàn-án, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Wọ́n ní: “Ibí yìí.” Mo gbé eyín náà kọjú sí ara mi, mo wá apá ọ̀tún rẹ̀, mo sì fá a. Bí mo ti pa ẹ̀rọ ni Ìyá ti na ọwọ́, wọn ò jẹ́ kó tutù, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n gé e mọ́ ti òkè lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń gé ẹran jẹ. Mo rí ojú wọn, ó tó mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní: “Ọ̀tún ṣì ń dùn mí. Òsì ti wá ń mì.” Ìgbà yẹn ló wá sí mi lórí pé eyín tó bá kọjú sí mi, ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tún ẹni tó ń lò ó. Ibi tí kò ní àrùn ni mo gé.

Fún ọjọ́ mẹ́ta n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Mo fi aṣọ bò ó. Èyí tí mo fá kò ju ìnípọn èékánná lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ṣe òmíràn bí irú èyí. Ẹni tó ṣe é ti lọ. Ìyá kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n tún fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo fi ojú wọ̀n wọ́n, mo mọ̀ pé ohun tí Télọ̀ sọ fún yín kì í ṣe irọ́. Mo tilẹ̀ mú ìwé láti kọ sí yín pé kí ẹ máa bọ̀.

Nígbà tí mo ń wá bírò tí n ó fi kọ ọ́, mo ṣí àpótí ẹ̀gbọ́n yín. Mo rí pẹ́ńsù aláró rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Pẹ́ńsù tí ń di elésè àlùkò bó bá kan omi ni. Bí ẹnìkan bá ní eyín ń gún òun, ẹ̀gbọ́n yín kì í béèrè pé ọ̀tún ni àbí òsì. Á fi ahọ́n tọ́ ẹnu pẹ́ńsù náà, á fi kan ojú egbò nínú ẹnu onítọ̀hún, á ní kí ẹni náà wọ eyín rẹ̀, kó tún bọ́ ọ. Ibi tí àwọ̀ bá ti wà lára eyín, ibẹ̀ ni. Àwọ̀ náà kì í kúrò lára ahọ́n rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi mú iná fún un ni mo rí i, n kò sì rántí lọ́jọ́ tó yẹ kí n rántí. Pẹ́ńsù náà kù bí ìka ọwọ́ kékeré. Ojú eyín rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀, torí ó máa ń gé e jẹ bó bá ń ronú.

Mo tọ́ ọ wò. Ó korò díẹ̀. Mo bá Ìyá níbi tí wọ́n jókòó sí, mo ní kí wọ́n la ẹnu. Wọ́n wo ahọ́n mi. Ojú wọn kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní: “O ti jẹ pẹ́ńsù ọkọ rẹ.” Wọ́n sì la ẹnu.

Mo mú iná, mo wò. Egbò náà wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó funfun, ó tó hóró ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Gbogbo èrìgì wọn pọ́n bí ibi tí iná jó, ojú etí eyín náà sì hàn lára rẹ̀ yíká bí ojú okùn lára ẹran tí a so pẹ́. Pẹ̀lẹ́ ti sọ fún mi pé bí eyín bá ń sun inú omi lálẹ́, èrìgì kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Ife tí ẹ̀gbọ́n yín rà fún eyín náà wà níbẹ̀. Ó gbẹ. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé: “Ìyá, ìgbà wo lẹ ti bọ́ eyín yìí sùn gbẹ̀yìn?”

Nígbà tí wọ́n máa sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ikú rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé eyín ìsàlẹ̀ ń gún àwọn díẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bọ́ ọ, tọ̀sán tòru, títí òun á fi wò ó, kí ojú ibi tó ń gún wọn lè hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún eyín ṣe fún, ọjọ́ kan tàbí méjì péré. Ó ní: “Tó bá di ọjọ́ Ajé, bí mo bá dé, èmi àti ìyàwó mi á wò ó pẹ̀lú iná.” Ọjọ́ Ajé náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n gbé e wálé lọ́sàn-án. Ìyá ní: “Kò tíì wò ó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ ọ?”

Oṣù méje, Eyínmẹ́nugún. Wọ́n ń fi omi iyọ̀ yọ ẹnu pẹ̀lú eyín nínú rẹ̀, wọ́n ń sùn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń jí pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń dúró de ọjọ́ Ajé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé òun kọ́ ni àwọn bá ṣàdéhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nawọ́ sí mi. Ìdajì àdéhùn náà ni mí.

N kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo tún tọ́ pẹ́ńsù náà, mo fi kan ojú egbò. Mo ní kí wọ́n wọ eyín, kí wọ́n gé e mọ́ òkè, kí wọ́n bọ́ ọ. Àwọ̀ náà wà lára ike aláwọ̀ èrìgì níbi kọ̀rọ̀, kékeré, bí ẹni fi ìka tọ́ka. Mo wọ gíláàsì, mo ki orí olókùúta kékeré sẹ́nu ẹ̀rọ, mo dè é le, mo yí i sí eéjì. Mo fi kàn án, mo gbé e kúrò. Mo fi kàn án, mo gbé e kúrò. Ìyá di iná mú fún mi. Ìgbà mẹ́ta ni a fi àwọ̀ sí i, ìgbà mẹ́ta ni mo fá a. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, nígbà tí mo ní kí wọ́n gé e, wọ́n gé e, wọ́n tún gé e, wọ́n mi orí pé kò gún àwọn mọ́. Mo fi orí olówùú dán ojú ibẹ̀ kó má baà ha wọ́n. Ti òsì tí mo bàjẹ́, Pẹ̀lẹ́ ní bí èrìgì bá jinná, ó lè máà mì mọ́. Bó bá sì ń mì, òun á wá fi nǹkan dí ibẹ̀ nílé níbí, lójú Ìyá.

Lẹ́yìn náà mo pa ẹ̀rọ. Mo dúró níwájú wọn, mo mọ ohun tó kù, kò sì rọrùn fún mi láti sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni. Mo ní: “Ìyá, mo ti wò ó. Ẹ lè bọ́ ọ sùn báyìí.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ àti òwú kúrò nínú ife, wọ́n sì gbé ife náà fún mi kí n lọ bu omi.

Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí. Èrìgì wọn ti ń padà sí àwọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n jẹ búrẹ́dì láìrì í bọ tíì. Lánàá wọ́n jẹ ẹran, wọ́n sì bínú pé mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni pé àwọn jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n ṣì rù; n kò ní purọ́ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ wá mú wọn, n kò ní di ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lọmọ wọn, èmi kàn jẹ́ ìyàwó tí a fẹ́ wá sílé yín ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá jókòó bá wa jẹun lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ojú ara yín rí i. Bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ wà. Wọ́n ti ní ẹnu tí wọ́n lè fi dáhùn.

Kí ọ̀nà yín dán. Kí oúnjẹ má ṣe korò lẹ́nu yín, kí ẹ má sì pàdánù ohun tí ẹ fi ń jẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ yín dàgbà lójú yín, kí wọ́n sì mọ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín débi pé wọn ò ní gbàgbé.

Èmi ni aya ẹ̀gbọ́n yín, ìyàwó yín títí.

Mo tún rántí: Bí ọkọ yín bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ náà láti fi tún àwọn nǹkan ilé ṣe, ẹ ní kó wá bọ́tìnnì tí ń dín eré kù, kó má ka orí. Ìyá jókòó tì mí bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí. Oorun ọ̀sán ń gbé wọn, eyín wọn wà nínú omi. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bí ẹ bá máa wá, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, torí àwọn ò gba àlejò láìwọ eyín.